Ẹni Tí Kò Tíì Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Alàwòrán Tí Ń Kọ́ Ọmọdé ní Òǹkà

Ohun tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ohun ńlá lójú ayé. Ìwé tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ojú-ewé ọgbọ̀n lọ, àwòrán ni ó sì kún inú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ: ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó, nítorí láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ rí ẹni tí a ń kà mọ́ ara wa àti ẹni tí a ń yọ sílẹ̀.

Ní àgbègbè wa yìí, láti Ìkẹjà títí dé Agége, ìwé kò jìnnà sí wa. Ní ojú ọ̀nà Ọba Akran, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ni ilé ìwé Longman ti Nàìjíríà fìdí kalẹ̀ sí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1961, tí ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Learn Africa ní 2011. Orúkọ Longman ni ó wà lára Aláwìíyé ti olóògbé J. F. Ọdúnjọ, ìwé tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín fi mọ Yorùbá kà. Ní Orégún ẹ̀wẹ̀, Literamed, tí a dá sílẹ̀ ní 1969, ń tẹ ìwé ọmọdé jáde lábẹ́ orúkọ Lantern. Ẹ sì jẹ́ kí a fi kún un pé ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, orúkọ ọba Àgbádárìgì ni ó ń jẹ́, ọba ìlú àwọn Ògù, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba náà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

A mẹ́nu kan èyí nítorí pé àgbègbè wa kì í ṣe ilé ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ojú irin la Agége kọjá. J. K. Coker, ẹni tí ìtàn Ìjọ African mọ̀ dáadáa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá oko kòkó àti oko obì síbẹ̀, tí àwọn Hausa sì wá nítorí obì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dé, olúkúlùkù ń bọ̀ láti ibi gbogbo. Lónìí, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là láàárín, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ògù, ọmọ Igbo àti ọmọ Hausa ń jókòó sí àgbàlá kan náà. Bí wọ́n bá ń ṣeré, wọn a ka ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò wọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń kà: ọmọ kan máa ń wà tí ìka ẹni tí ń kà kì í kàn. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kà, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a wulẹ̀ sọ pé kò mọ eré ṣe.

Ìwé òǹkà tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀ràn yìí. Èso ápù kan, ológbò méjì, bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Ọmọ kà á tán, ó pa ìwé dé. A kò sọ pé ó burú, nítorí ó kọ́ ọmọ ní òǹkà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ti rí ìwé tí ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Baby Goes to Market, èyí tí Atinuke kọ, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Wales. Angela Brooksbank ni ó ya àwòrán rẹ̀, ilé ìwé Walker ní London sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ka orí, ó wọ ọjà. Bí ìyá ti ń ná ọjà, ọmọ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wu àwọn ọlọ́jà. Ẹni tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un ní mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó fi márùn-ún sínú agbọ̀n. Ẹni tí ń ta ọsàn fún un ní márùn-ún. Ó jẹ ọ̀kan, ó fi mẹ́rin sínú agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ṣínṣín, àgbàdo sísun àti àgbọn ń tẹ̀lé ara wọn, tí iye wọn ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dín, ìyá kò sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ títí ó fi sọ agbọ̀n kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tún ń káàánú ọmọ pé kò tíì jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀! Kò sí ọmọ tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí òun mọ ohun tí ìyá kò mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìwé yìí. Èkíní, ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ni gbogbo ọjà kà sí ènìyàn. Ẹ̀bùn ni òǹkà ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́sàn wa ti máa ń ka ọsàn tán tí yóò sì sọ ọ̀kan lé e ní èènì. Èènì kò sí nínú iye tí a ná, síbẹ̀ ọjà tí kò ní èènì kì í dùn mọ́ wa nínú. Èkejì, ìwé náà ń kọ́ ọmọ ní yíyọ ọ̀kan kúrò láìjẹ́ pé ó sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, a ó rí i láìpẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ sún mọ́ ti Yorùbá gidigidi.

Ìwé kejì ti ilẹ̀ Kenya wá: Mama Panya's Pancakes, tí Mary àti Rich Chamberlin kọ, tí ó jáde ní 2005. Adika àti ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọjà láti ra ìyẹ̀fun tí ìyá yóò fi dín àkàrà pẹlẹbẹ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà ni Adika ń pè pé kí ó wá bá wọn jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ń ka ènìyàn, ìyá ń ka owó, òǹkà méjèèjì kò sì bára mu. Ìyá tí ó bá ti ṣọ́ owó oṣù dé ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn rí yóò mọ ohun tí ìyá Adika ń rò lọ́kàn. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, olúkúlùkù àlejò gbé ohun tí ó ní dání wá, oúnjẹ sì tó. A fẹ́ràn ìwé yìí nítorí pé kò pa irọ́ fún ọmọ pé pípe ènìyàn mọ́ra kì í ná ni ní nǹkan kan.

Ìkẹta ni One, tí Kathryn Otoshi ti Amẹ́ríkà kọ ní 2008. Àwọ̀ ni gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Búlúù jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, Pupa a máa fi í ṣẹ̀sín, àwọn àwọ̀ yòókù a sì máa dákẹ́. Nígbà tí Ení dé, ó dúró ṣánṣán, ó sọ fún Pupa pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn yòókù wá ń dìde lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan di èjì, òmíràn di ẹ̀ta, títí dé ẹ̀fà. Ohun tí ó wù wá jù ni pé wọn kò lé Pupa jáde. Òun náà ni ó di èje. Ẹ̀sùn kan ni a ní sí ìwé náà, pé kò sí ọjà, kò sí ilé, kò sí ojú ènìyàn nínú rẹ̀, nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní àgbà tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Bí ẹnìkan bá sọ pé, ó dára, ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ irú ìwé wọ̀nyí sí Yorùbá kí a sì tẹ̀ wọ́n, a ó dáhùn pé títí dé ẹ̀wá, iṣẹ́ náà rọrùn. Lẹ́yìn ẹ̀wá ni ọ̀rọ̀ di méjì. Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, gbogbo ìwọ̀nyí ń fi kún ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èdè wa yí ojú padà: kò wo ẹ̀wá tí ó ti kọjá mọ́, ogún tí ń bọ̀ ni ó ń wò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ogún tí ó dín márùn-ún. Mọ́kàndínlógún ni ogún tí ó ku ẹyọ kan kí ó pé. Àádọ́ta pàápàá, ọgọ́ta tí ó dín ẹ̀wá ni. Míṣọ́nnárì kan láti Jámánì, Adolphus Mann, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S. ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà wa yìí ní 1887, ó sì so ó mọ́ bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó o ní márùn-ún márùn-ún, tí márùn-ún mẹ́rin sì ń di ogún.

Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a kọ òǹkà yìí sílẹ̀ nítorí ó le fún ọmọdé, kí a sì ṣe èyí tí yóò máa fi kún nìkan bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ó le fún ọmọ tí a fi ẹnu lásán kọ́. Kò le fún ọmọ tí a fi àwòrán hàn. Ẹ ronú sí ojú-ewé kan tí bẹ́ǹṣì mẹ́rin wà lórí rẹ̀, àyè márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta kún fún ọmọ, ẹ̀kẹrin ṣófo. Ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá fẹ́ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún hàn yóò ya ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì ní ya bẹ́ǹṣì tí ó ṣófo, nítorí òǹkà tirẹ̀ kò béèrè rẹ̀. Tiwa béèrè rẹ̀. Ọmọ tí ó bá pe orúkọ òǹkà náà bí ó ti yẹ ti sọ pé ènìyàn márùn-ún kù tí kò tíì dé, ohun tí yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tẹ̀lé e ni pé: ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n wà?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìhìnrere Lúùkù yóò rántí olùṣọ́-àgùntàn tí ó ní ọgọ́rùn-ún àgùntàn, tí ọ̀kan sọnù. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye tí ó kù ń sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́, àádọ́rùn-ún àti mẹ́sàn-án. Nínú Bíbélì wa, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni, ẹyọ kan tí ó sọnù náà sì wà nínú orúkọ òǹkà. Olùṣọ́-àgùntàn Yorùbá kò lè sọ iye tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má sọ pé ọ̀kan ti lọ. Àwa ti ń ka ibẹ̀ láti kékeré, a sì ń kọjá lọ.

A mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kan níhìn-ín ti ń mi orí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òtítọ́ ni, òwe wa sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì wá láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó pa á gbé ayé nígbà tí ìgbóná ń pa ọmọ nínú ilé kan náà ní mẹ́ta mẹ́rin, ẹni tí ó bá sì ń na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n bẹ̀rù pé kí ó má jẹ́ pé ó ń kà á láti dín in ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó kó ogún ọmọ kọjá ojú irin ní Agége, tí kò sì kà wọ́n nígbà tí ó dé ìhà kejì, ṣé ẹ̀yin ìyá yóò yìn ín pé ó pa òwe mọ́? Kíkà tí a ń kà kí ẹnikẹ́ni má bàa kù sẹ́yìn, ìṣọ́ ni.

Ìṣọ́ yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa rò dáadáa, nítorí ohun kan wà tí ó ń dun wá tí a kò lè ṣàì sọ. Bí a bá bi ìyá míràn léèrè iye ọmọ rẹ̀, yóò sọ pé mẹ́ta, mẹ́rin sì ni. Kì í ṣe nítorí òwe ni ó ṣe yọ ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin wà nínú yàrá, kò lè rìn, tàbí kò gbọ́ràn, tàbí orí rẹ̀ kò yá bí ti àwọn yòókù. A kò ka ọmọ náà nígbà tí a ń rán aṣọ ọdún, a kò kà á nígbà tí a ń kọ orúkọ sílé ẹ̀kọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ iye tí ìyá wọn ń sọ fún àlejò, àwọn náà sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn. Ìyá náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ojú àwa aládùúgbò ni ó ń bẹ̀rù. Òfin ti bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá lọ jókòó ti ọmọ. Ìwé alàwòrán lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìwé òǹkà bá dé ẹ̀rin, kí ọmọ mẹ́rin wà nínú àwòrán, kí ọ̀kan nínú wọn sì mú ọ̀pá ìtìlẹ́yìn lọ́wọ́, kí wọ́n máa jẹ àkàrà. Ó tán. Kí a má kọ ọ̀rọ̀ àánú sí abẹ́ rẹ̀. A ti rí ìwé tí ó ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti sọ pé kí a máa fẹ́ràn rẹ̀, tí a kò sì tún rí i mọ́ títí ìwé fi parí. Ojú-ewé tí a yà sọ́tọ̀ fún un yẹn, yàrá míràn ni, inú ìwé ni a kọ́ ọ sí.

Ọ̀ràn èdè kò ṣeé fò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2022. Ní 2025 ni wọ́n fagi lé e. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́, èyí sì dára, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ka bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì. Bí ọmọ yóò bá mọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ lókè yìí, ilé ni yóò ti mọ̀ ọ́n, lórí itan ìyá tàbí bàbá tí ó ti ibi iṣẹ́ dé.

Nítorí náà a ti ń gbìrò ìwé kan, a ó sì sọ bí yóò ti rí kí ẹ lè bá wa tún un ṣe. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024 láti Agbádó sí Òyìngbò ń kọjá láàárín wa lójoojúmọ́, ibùdó mẹ́jọ ni ó sì ní: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá, Òyìngbò. Ogún ìjókòó ni a ó yà sínú ọkọ̀ náà láti ojú-ewé kìíní, gbogbo wọn ṣófo. Ní Agbádó, ọmọ mẹ́ta wọlé. Ní Ìjú wọ́n di márùn-ún. Ní Agége, ìyá tí ń ta obì wọlé pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, wọ́n di mẹ́wàá, ó sì kí wọn ní èdè Hausa, ọmọ tí ń kà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ní Ìkẹjà, àwọn tí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú wọlé, oorun ń kùn wọ́n, wọ́n di mẹ́rìnlá. Ní Òṣòdì ẹnìkan wọlé, òǹkà sì yí ojú padà sí ogún. Ní Múṣin ó ku méjì. Ní Yábàá ọmọ kan wọlé, mọ́kàndínlógún ti jókòó, àpò kan sì wà lórí ìjókòó tí ó kù, kò sí ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó ni àpò náà sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi tí wọ́n ń tà ní ìta. Fèrè ọkọ̀ dún, kò sì gbọ́, nítorí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ ni ó kà, tí wọ́n rí àpò láìsí ènìyàn, tí gbogbo wọn sì sáré sẹ́nu ọ̀nà láti ju ọwọ́ sí i. Ojú-ewé ìkẹyìn ni Òyìngbò, níbi tí ogún ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìlà kan lọ. Kí bébà nípọn, nítorí ọmọ wẹ́wẹ́ a máa fi ẹnu ka ìwé kí wọ́n tó fi ojú kà á. Kí gbogbo òǹkà ní àmì ohùn lórí. Àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá ní àmì, ení tí a fi ń kà àti ẹni tí í ṣe ènìyàn a máa jọ ara wọn lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ti ìwé yìí, àṣìṣe náà kì bá fi bẹ́ẹ̀ burú.

Kí ìwé náà tó jáde, ẹni tí kò mọ àwòrán yà lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé. Kí ó wá páálí kan àti ogún ìdérí ìgò, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní àgbègbè tí wọ́n ti ń pọn ọtí. Kí ó fi kálámù yí ogún ìdérí náà ká lórí páálí, ní márùn-ún márùn-ún, kí àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan lè hàn nígbà tí a bá gbé e kúrò. Kí ọmọ di ojú, kí àgbà gbé méjì pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ọmọ la ojú, kí ó sì sọ iye tí ó rí ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà kí ó wá àwọn méjì náà rí.